Igi Méjì Màmá Hátsù

Àríyìkẹ́ kò bẹ̀rù iná. Ẹni tó ń ta ẹ́sáǹsì, epo ọkọ̀, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù iná, bí ẹni tó ń pa ẹran kò ṣe gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀. Ohun tó máa ń sọ nìyẹn, ó sì máa ń sọ ọ́ kíkankíkan, torí obìnrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ ni. Ọmọ Ìgbẹ́tì ni, láti Nàìjíríà. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọkọ náà kú, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan, Olúbísí, àti ìsọ̀ páànù kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Savalou. Níbẹ̀ ló ti ń ta ẹ́sáǹsì fún àwọn alálùpùpù tó ń ti Koko àti Lougba bọ̀, tó sì ń ta kẹrosíìnì fún àwọn obìnrin tó fẹ́ tan àtùpà. Ó ti pẹ́ nílùú débi pé èdè Ìṣà tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ló fi ń nájà, Yorùbá Ìgbẹ́tì ló sì fi ń bú èèyàn.

Ẹnì kan wà tí kì í bú, Tairou ni. Ọmọ Bantè gan-an ni Tairou, ó fi ìlú sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣe géńdé, ó lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó gẹdú kiri ayé. Nígbà tó padà dé lọ́dún 1972, ó ń tiro, ó sì mú igi méjì dání. Igi líle ni, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, wọ́n fi okùn so méjèèjì pọ̀ lórí, ọwọ́ èèyàn sì ti lò ó títí tó fi ń dán. Àwọn ará ilé rẹ̀ retí àpótí ẹrù. Nígbà tó jẹ́ pé igi ni wọ́n rí, wọ́n ní òkun ti yí ọmọ àwọn lórí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà, Tairou kí ìrun alásárì tán, ó bọ́ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ojúlé dé ojúlé. Yóò lu igi náà mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì, kọ́! kọ́!, yóò wá ké e jáde: "Hí nó yójìn!" Bí wọn kò bá bi í, kò ní túmọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ẹ ṣọ́ iná ni mo wí. Ìṣáná ẹyọ kan, ìyá ìjóná ilé." Wọ́n ní kó máa fi èdè wa ké e nígbà náà. Ó ní bí wọ́n ṣe rán òun ni òun ń jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Nínú ọyẹ́, tí koríko orí ilé gbẹ, tí àwọn àgbẹ̀ abúlé Bobè ń sun igbó, ẹnì kan wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín ní ìrọ̀lẹ́, ó ń pe iná lórúkọ. Àwọn àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n ní a kì í pe àjálù nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹni a bá pè ní ń jẹ́. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Houlératou ìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa ń dáhùn láti ibi ìdáná: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń dáhùn nìyẹn níbi tí òun ti kọ́ ọ.

Tóyámà ló ti kọ́ ọ, ìlú kan ní Jàpáánù, tí kò tóbi bí olú ìlú, tí kò sì kéré. Iwájú ìsọ̀ Àríyìkẹ́ ni Tairou máa ń parí ìrìn rẹ̀ sí. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, yóò máa sọ̀rọ̀ ìlú náà. Gẹdú ló já lé e lẹ́sẹ̀ ní èbúté wọn, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì dúró dè é. Ó wá ku òun nìkan nílé ìwòsàn, láàárín àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. Opó kan tó ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn, Màmá Hátsù, ló mú un lọ sílé. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló lò lọ́dọ̀ ìyá náà kó tó rí ọkọ̀ tó gbé e padà.

"Ìyá Olúbísí," á wí, "odò ńlá kan wà nílùú yẹn. Láyé àwọn baba ńlá wọn, kò sí afárá tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀ tí omi kò gbé lọ. Ni wọ́n bá to ọkọ̀ ojú omi mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì so wọ́n, wọ́n tẹ́ pákó lé e. Èèyàn àti ẹṣin ń gba orí rẹ̀ kọjá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń parọ́."

"Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri Màmá Hátsù. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó."

Ó sọ nípa àwọn ọkùnrin ìlú náà tó máa ń pọn apẹ̀rẹ̀ oògùn sẹ́yìn, tí wọ́n ń rin gbogbo ilẹ̀ wọn já, tí wọ́n ń fi oògùn sílẹ̀ nílé onílé títí di ọdún mìíràn kí wọ́n tó wá gbowó, tí wọ́n sì máa ń fún ọmọ ilé ní bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi bébà ṣe. Ó sọ nípa ọkọ̀ irin kékeré tó ń gba àárín títì kọjá láàárọ̀, nípa òkè tí yìnyín bò lórí látìgbà dégbà, nípa bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Ó sọ nípa ilé ìwẹ̀ kan tí gbogbo àdúgbò ti jọ ń wẹ̀. Àríyìkẹ́ béèrè bóyá wọn kò ní ìtìjú ni. Tairou ní wọ́n ní, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, àti pé ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, àwọn bàbá arúgbó ló bá òun fọ ẹ̀yìn.

Bó bá kan ọ̀rọ̀ iná, ohùn rẹ̀ a máa wálẹ̀. Nígbà ogun, lọ́dún 1945, ọkọ̀ òfuurufú wá ní òru ọjọ́ kan, wọ́n da iná lé ìlú náà lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, agbára káká ni wọ́n fi rí ilé tó ṣì dúró. Àwọn ọmọ Màmá Hátsù méjèèjì bá a lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n tún ìlú kọ́, wọ́n la títì gbooro.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," Àríyìkẹ́ wí.

"Ọmọ tó jó ńkọ́?" Tairou bi í. Àríyìkẹ́ kábàámọ̀ pé òun pa òwe náà.

Láti ìgbà ogun yẹn ni Màmá Hátsù ti ń fi igi méjì náà yí àdúgbò ká ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ìgbà òtútù, yìnyín ìbáà mù ún dé orúnkún. Bó bá ké tán, ilé kọ̀ọ̀kan á kí i kú iṣẹ́ láti inú. Nígbà tí ọjọ́ ogbó kò jẹ́ kó lè rìn mọ́, Tairou gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò tíì san. Ọjọ́ tó fẹ́ máa bọ̀ wálé, ìyá náà kó igi lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ìlú tìrẹ náà ní ilé, àbí? Máa lù ú níbẹ̀." Tairou sì ṣèlérí fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí Àríyìkẹ́ kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Igi yẹn ń ṣe é láǹfààní. Nígbà ọyẹ́, eruku àti èéfín máa ń bo oòrùn, ẹni tó bá wà nínú ìsọ̀ kì í mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Bí Àríyìkẹ́ bá ti gbọ́ kọ́! kọ́! lókèèrè, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí ìdérí àgbá, á dé ẹ́sáǹsì pa, á gbé àtùpà jáde kó tó tàn án. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kìíní ọdún 1977, rédíò kéde pé àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó bẹ̀ lọ́wẹ̀ ti fi ọkọ̀ òfuurufú já wọ Cotonou láti gba ìjọba. Wọ́n lé wọn lọ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kù nílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ìjọba ní kí olúkúlùkù la ojú, kó ṣọ́ àjèjì. Délégé àdúgbò, ìyẹn ẹni tó ń ṣojú ìjọba láàárín wa, ni Moucharafou, télọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rù kó tó gba ipò yẹn. Ó la ojú tirẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó ní ọkùnrin tó ń lu igi ní ìrọ̀lẹ́, tó ń ké èdè tí a kò gbọ́, ta ló ń pè? Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé Tairou ní ọ̀rọ̀ iná ni. Kò sí ẹni tó yọjú láti wí bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Moucharafou mú agbófinró méjì tó ti Savalou wá dé ìsọ̀ Àríyìkẹ́. Tairou wà lórí bẹ́ǹṣì, igi méjì wà lórí itan rẹ̀.

"Ìyá Olúbísí," Moucharafou wí, "ọ̀dọ̀ yín ló ń jókòó sí lójoojúmọ́. Kí ni ìtúmọ̀ ohun tó ń ké?"

Kí Àríyìkẹ́ tó lanu, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní kó mú ìwé ìgbélùú rẹ̀ wá. Ó mú un wá. Àtìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ìwé náà ti kọjá ọjọ́. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó wo àwọn àgbá ẹ́sáǹsì, ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dì í mú sọ́wọ́. Àríyìkẹ́ rí ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Nàìjíríà pẹ̀lú ẹrù lórí, ó rí Olúbísí tí wọ́n yọ nílé ìwé. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù bà á gan-an ni.

"Èmi ò mọ̀," ó wí. "Epo ni mò ń tà. Ẹni tó bá jókòó, mi ò lè lé e. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ."

Tairou wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n mú un lọ sí àtìmọ́lé ní Savalou. Ọkùnrin yẹn sì dá ìwé padà fún Àríyìkẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ní ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ, wọ́n ka ibi tí Pétérù ti sẹ́ Olúwa rẹ̀ níwájú ìránṣẹ́bìnrin. Àríyìkẹ́ wo òǹkàwé náà bíi pé ẹnì kan ti lọ ròyìn òun fún un. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, kò ṣòro láti mọ̀: kó wọ ọkọ̀ lọ sí Savalou, kó sọ òótọ́. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé ọ̀la ni. Èyí tó dùn ún jù ni Houlératou. Houlératou ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń wá ra kẹrosíìnì, ó ṣì ń béèrè Olúbísí. Ì bá bú u, ara ì bá tù ú díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ní ọjọ́ ọjà kan, Houlératou mú ìgò rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun fẹ́ gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ òun lọ́la, òun yóò jí dáná kí ilẹ̀ tó mọ́. Àríyìkẹ́ wà nínú ìsọ̀, ó ń fi àrọ rọ ẹ́sáǹsì láti inú àgbá sínú àwọn ìgò.

"Kí ni kí n bá yín sọ fún un?" Houlératou béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Ọwọ́ Àríyìkẹ́ dúró. "Má sọ nǹkan kan fún un. Èmi náà ń bọ̀. A jọ máa lọ lọ́la ni, mo fẹ́ lọ sọ ohun tí mo mọ̀."

Houlératou na ìgò rẹ̀ sí i. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun, Ìyá Olúbísí. Ẹ wá wọn tèmi fún mi, mi ò rí ẹnu ìgò mọ́."

Ilẹ̀ ti ṣú lóòótọ́, kò sì sí igi tó kéde rẹ̀. Ọkàn Àríyìkẹ́ fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Níbi tí ara ti tù ú yẹn, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́rin. Ó na ọwọ́ sí àtùpà níbi tó wà, ó ṣá ìṣáná. Àgbá ẹ́sáǹsì ṣì wà ní ṣíṣí, iná sì sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnu ọ̀nà ni Houlératou wà, ì bá sá. Kò sá. Ó wọlé, ó fa Àríyìkẹ́ lápá, ó tì í síta, àwọn ìgò tó wà nílẹ̀ sì gbiná mọ́ òun láṣọ. Ilé márùn-ún ló jó kí àwọn èèyàn tó fi iyẹ̀pẹ̀ àti ìwọ̀nba omi tí wọ́n ní pa iná náà. Houlératou lo ọjọ́ méjì sí i. Ohun tó sọ kẹ́yìn fún Àríyìkẹ́ ni pé, "Ẹ má gbàgbé Savalou."

Wọ́n sin ín tán, Àríyìkẹ́ wọ ọkọ̀ ẹrù lọ, apá òsì rẹ̀ tó jó wà nínú aṣọ. Ní Savalou, ó dúró níwájú ọ̀gá agbófinró kan tó jókòó sídìí tábìlì.

"Mo parọ́," ó wí. "Mo mọ ohun tó ń sọ. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti mọ̀ ọ́n." Ó sì ké e jáde nínú ọ́fíìsì náà bí Tairou ṣe ń ké e, ó túmọ̀ rẹ̀, ó sọ ibi tó ti wá àti ẹni tó fi rán an. Ọ̀gá náà bi í pé ta ló máa jẹ́rìí sí i. Àríyìkẹ́ tú aṣọ apá rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ọ̀gá náà gbé ojú kúrò.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá Tairou sílẹ̀. Wọ́n fi bẹ́líìtì rẹ̀ àti igi méjì náà sínú àpò kan fún un. Abẹ́ igi máńgòrò ni Àríyìkẹ́ ti ń dúró dè é, láàárín àwọn obìnrin tó ń fi èdè Máhì nájà. Tairou rí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

"Houlératou ńkọ́?"

A kì í túfọ̀ òkú lójú pópó. Àwọn àgbà ló máa ń lọ jókòó ti èèyàn, tí wọ́n á rọra mú ọ̀rọ̀ wá. Kò sí àgbà níbẹ̀, òun nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, iná ni. Nínú ìsọ̀ mi. Èmi ni mo ṣá ìṣáná. Ó fà mí jáde, òun kò jáde dáadáa."

Tairou di igi mú. "Ìgbà wo?"

"Ìrọ̀lẹ́."

"Ẹnikẹ́ni kò lu igi."

"Rárá. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín."

Ọkọ̀ ẹrù kan náà ló gbé àwọn méjèèjì padà. Tairou jókòó sí ọwọ́ iwájú, Àríyìkẹ́ jókòó sẹ́yìn láàárín àpò àgbàdo, títí wọ́n fi dé Bantè.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe fídáù òkú, Tairou wá síbi tí ìsọ̀ náà wà tẹ́lẹ̀. Àríyìkẹ́ ń gbá eérú. Bẹ́ǹṣì ti jó, nítorí náà Tairou dúró.

"Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ nípa Màmá Hátsù," ó wí. "Lóru ọjọ́ tí iná dé, òun ló ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ sétí odò. Ó rò pé omi yóò gbà wọ́n. Òun dúró ti ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò lè rìn. Etí odò yẹn ni iná ti pa èèyàn púpọ̀. Ilé tí òun wà kò jó. Ẹnu òun ló rán wọn lọ." Ó wo eérú tó wà nílẹ̀. "Nítorí ìyẹn ló ṣe ń rìn. Àwọn tó ń kí i kú iṣẹ́, gbogbo wọn ló mọ̀."

Ó yọ igi méjì náà nínú àpò.

"Mi ò lè sọ pé mo ti dárí jì ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, irọ́ ni, irọ́ sì ti tó láàárín wa. Ẹsẹ̀ mi ti bàjẹ́ sí i lọ́hùn-ún, kò lè gbé mi yí àdúgbò ká mọ́. Gbà. Ìwọ ni wàá máa lù ú."

Àríyìkẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Nílé àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kò jáde, igi nìkan ló dún. Nílé kejì ó jáde. Àwọn tó wà níwájú ilé wọn wò ó títí, kò sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn, torí eérú ilé márùn-ún ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì máa fi dé, àdúgbò ti ń dáhùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á wí látinú ilé, Moucharafou pàápàá, tó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ilé kan ṣoṣo ni kì í dáhùn. Bí Àríyìkẹ́ bá dé ẹnu ọ̀nà Tairou, á lu igi lẹ́ẹ̀mejì, á ké, á dúró díẹ̀. Á rí ìmọ́lẹ̀ àtùpà lábẹ́ ilẹ̀kùn, á gbọ́ tí ọkùnrin náà ń húkọ́. Á wá kọjá lọ. Ọyẹ́ méjìlá lọ bẹ́ẹ̀. Olúbísí lọ sílé ọkọ ní Savalou, irun Àríyìkẹ́ funfun, apá òsì rẹ̀ kò nà tán mọ́. Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn, kó lọ máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin tí ọwọ́ òun sọ di aláìláya, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, fún ọdún méjìlá. Àwọn èèyàn ní kó máa fo ilé náà. Ó ní ilé náà ni òun ń rìn fún.

Ọyẹ́ kẹtàlá ni ti ọdún 1990. Ní oṣù kejì, wọ́n ń ṣe ìpàdé ńlá kan ní Cotonou nípa bí ìjọba yóò ṣe yí padà, rédíò ń gbé e sáfẹ́fẹ́, gbogbo ìlú sì so mọ́ rédíò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, Àríyìkẹ́ yí àdúgbò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Inú bí i díẹ̀. Eruku ti ha á lọ́fun nígbà tó fi dé ẹnu ọ̀nà Tairou. Níbẹ̀ náà rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ó lu igi lẹ́ẹ̀mejì. "Hí nó yójìn," ó wí, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ó dúró bó ti máa ń dúró. Ó ti yí padà láti lọ nígbà tí rédíò dákẹ́.

Ibi ìdáná ni ohùn Tairou ti wá, níbi tí Houlératou ti máa ń dáhùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olúbísí."

Àríyìkẹ́ di igi mú mọ́ àyà, ó dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Lẹ́yìn náà ó lọ, torí ilé mẹ́rin ṣì kù.